Ọwọ́ Tó Mọ Ẹ̀rọ̀pẹ̀sẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín kú ilé, mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí ẹni tó ń fi àárẹ̀ ara kàwé yìí pé ara yóò le. Kí n tó la ẹnu ìtàn, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́ ná. A ti dúpẹ́ ojú, a ti dúpẹ́ ẹsẹ̀, a sì ti kọrin ọpẹ́ fún èémí tí a ń mí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló jí lówùúrọ̀ kan, tó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, tó ní, "Olúwa, mo dúpẹ́ èyí náà"? Èmi kò ṣe é rí, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ìtàn Ọdẹ́yínká.

Àgbà ọdẹ ni Ọdẹ́yínká ní abúlé wa, Ìgbérí-Odò. Lẹ́yìn ìsìn ìkórè lọ́dún kan, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìbọn rẹ̀ tó ti dípẹtà fara ti igi, àwa èrò sì yí i ká. Ìyàwó pásítọ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gba ọmọ ológbò kan nítorí eku, irú èwo ló dára? Lánlẹ́hìn káfíńtà, ọ̀rẹ́ ọdẹ náà, dáhùn kíá pé, "Ológbò kan kò yàtọ̀ sí òmíràn, Màmá. Àwọ̀ nìkan ni kí ẹ mú."

Ọdẹ́yínká yí ojú sí i. "Lánlẹ́hìn, o ń fi ọwọ́ pa pákó lójoojúmọ́, o sì mọ ìrókò yàtọ̀ sí afárá láì la ojú. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ológbò, òpè ni ọ́, bí èmi náà ti jẹ́ òpè rí. Ẹ fa ìjókòó yín súnmọ́ mi."

Bí ìtàn tó sọ fún wa ti lọ nìyí.

Ìyá tó bí Ọdẹ́yínká kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Ìyá Àwẹ̀ró, ló sì gbà á tọ́. Nígbà tí Ìyá Àwẹ̀ró darúgbó, ojú rẹ̀ fọ́, gbogbo ayé rẹ̀ wá kó sí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń mọ ẹni tó wọlé, ọwọ́ ló fi ń mọ ibi tí aṣọ ti ya. Ológbò kan ń bá a gbé, Ẹ̀rọ̀pẹ̀sẹ̀ ló sọ ọ́. Láràárọ̀ ni yóò gbé ológbò náà sí ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀, tí yóò máa kì í pé:

"Ẹ̀rọ̀pẹ̀sẹ̀, ẹrù fúyẹ́ lójú, ẹrù wúwo lápá,
Eegun èjìká bí ọwọ́ ṣíbí nínú àpò,
Ikùn rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì,
Ìrù tẹ̀ ní ṣóńṣó bí ìkọ́ tí a fi ń já ọsàn."

Ọdẹ́yínká a gbọ́ ọ, a sì rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan ológbò náà rí. Ní ìdílé wọn, wọ́n gbà pé ọdẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ pa ẹran tó ń mí lára, kí apá rẹ̀ má baà gọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ yìnbọn. Ẹran tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ láyé, ẹran tó ti kú ni.

Ní ọjọ́ kan, wọn kò rí Ẹ̀rọ̀pẹ̀sẹ̀ mọ́. Wọ́n wá a dé orí àjà, wọ́n wá a dé ẹ̀yìn odi, wọ́n wá a tì. Ìyá Àwẹ̀ró kọ oúnjẹ. Oorun fò lọ, ara rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bí epo inú fìtílà. Àwọn àgbà abúlé mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní bí ológbò bá ti ń dàgbà, Yèyé Músù, ìyá gbogbo ológbò, a máa pè é padà sí Ìlú Kùrukùru, tó wà lẹ́yìn Igbó Àìlójú. Kì í sì í dá ológbò padà fún ẹnikẹ́ni, àfi ará ilé rẹ̀ tó bá mọ̀ ọ́n yàtọ̀ láàrin gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sì yàn. Bó bá ṣì í yàn, ọ̀nà ti dí nìyẹn.

"Èmi ni n ó lọ," ni Ọdẹ́yínká wí.

"Àdìgún ọmọ mi," ni ìyá náà wí, oríkì rẹ̀ ló fi pè é, "bí o bá gbé e dé, n ó jẹun. Bí o kò bá gbé e dé, má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Wá jókòó, kí n sọ bí wàá ṣe mọ̀ ọ́n."

"Ìyá, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Dúdú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun. Èmi tí mo ń dúró nísàlẹ̀ ìrókò tí mo ń ka irun imú ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà lókè!"

"Dúró, Àdìgún. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni n kò tíì sọ."

Ṣùgbọ́n Àdìgún ti gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń kánjú kì í gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn.

Ẹ má bi í léèrè bí ọ̀nà ti jìn tó. Ọdẹ tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ kì í ka òkè. Ó ti igbó dé igbó títí ó fi kan Igbó Àìlójú, níbi tí gbòǹgbò igi ti ń jáde látinú ilẹ̀ tí wọ́n ń wá èèyàn kiri bí ọwọ́ afọ́jú tó ń wá ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n gbá a lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n gbá a níkùn, wọ́n tú fìlà orí rẹ̀ wò, wọ́n sì dá a padà fún un. Nígbà tó dé ibi tí igbó pin, ẹbọra kan dúró lójú ọ̀nà. Kò lójú, kò sí ibi tí ojú ìbá wà, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí àtẹ tí a fi ń fẹ́ ìrẹsì. Àfọwọ́ríran ni orúkọ rẹ̀.

Ọdẹ́yínká kò bèèrè ọ̀rọ̀, ó yìnbọn. Ẹbọra na ọwọ́, ó gba ọta náà mú lófuurufú, ó fi ìka méjì yí i bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, "Òjé ni. Ẹni tó rọ ọ́ kánjú."

Ibi yìí ni Lánlẹ́hìn ti bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ igi máńgòrò wa. "Ọdẹ, o wá sá, àbí?"

"Èmi? Sá? Ìwọ tí ọmọ ajá ń lé wọ ilé lánàá! Mo dúró, Lánlẹ́hìn. Ẹsẹ̀ mi ló fẹ́ sá, èmi kọ́."

Àfọwọ́ríran wá fọwọ́ pa ọdẹ náà láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọdẹ ni ọ́," ló wí, "ìbọn ti tẹ èjìká rẹ ọ̀tún. Ebi ń pa ọ́. Ọkàn rẹ ń sáré nítorí obìnrin àgbàlagbà kan. Ara rẹ ti dàgbà, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ yìí, ó ṣì ń sùn! Dá mi lóhùn kí o tó kọjá: kí ni ọdẹ kì í mọ̀ nípa ẹran nígbà tó wà láàyè, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá kú tán ló ń mọ̀ ọ́n?"

"Adùn rẹ̀!" ni Ọdẹ́yínká wí kíá.

Ẹbọra rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já bọ́ lórí igi. "Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n òun kọ́. Tún rò ó."

Ọdẹ́yínká rò ó. Ó rántí gbogbo àgbọ̀nrín tó ti gbé sọ́rùn wálé. "Ìwúwo rẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"O gbà á. Kọjá. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó ṣílẹ̀kùn fún ọ yìí ni yóò dá ọ lẹ́jọ́ nínú ilé."

Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ ìlú, kùrukùru bò ó. Ó funfun, ó ki bí ògì, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọdẹ́yínká gbé ọwọ́ sókè síwájú ojú rẹ̀, kò rí i. Ojú tó ń ka irun imú ọ̀kẹ́rẹ́ di ohun tí kò wúlò mọ́. Ó gbọ́ ìrìn jẹ́jẹ́ láyìíká rẹ̀, bí ìgbà tí òwú bá ń bọ́ sílẹ̀, ohùn kan sì sọ̀rọ̀: "Àlejò, kí lo wá?"

"Ẹ̀rọ̀pẹ̀sẹ̀, ológbò ìyá mi. Dúdú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun."

Gbogbo ìlú bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní funfun!" "Kí ni wọ́n ń pè ní funfun?" "Ṣé ó ń rùn ni?"

"Ní ìlú yìí," ni ohùn náà wí, "kò sẹ́ni tó ń wọ àwọ̀. Na apá rẹ, gba èyí, kí o sì sọ ohun tí o gbà."

Wọ́n gbé ohun kan lé e lápá. Ọdẹ́yínká ṣe bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe: ó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó dà á dorí kodò, ó jù ú sókè díẹ̀ kó lè mọ bó ti wúwo tó, ó fún itan rẹ̀ wò. Ó ní, "Ó sanra. Ó tó ìsasùn kan, orí rẹ̀ á sì ṣẹ́ kù."

 Gbogbo ìgboro hó sìì bí ìgbà tí omi kán sínú epo gbígbóná.

"Èmi Yèyé Músù," ni ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wí láti ìsàlẹ̀, "ni o gbé dorí kodò yẹn."

Èékánná sọ̀rọ̀ lára ọdẹ lọ́jọ́ náà! Nígbà tó ń sọ fún wa, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, a sì rí ojú ọgbẹ́ lóòótọ́. Lánlẹ́hìn ní ẹ̀gún ọ̀pẹ ni. 

Nígbà tí inú Yèyé Músù rọ̀ díẹ̀, ó dájọ́. "Ọwọ́ rẹ mọ òkú, kò mọ alààyè. N kò ní lé ọ, nítorí ìyá ló rán ọ. Ṣùgbọ́n o kò ní yan ohunkóhun títí ọwọ́ rẹ yóò fi jí. Jókòó sílẹ̀. Láti òní, ìwọ ni ẹní gbogbo wa."

Báyìí ni akọni ọdẹ di ẹní. Ó nà sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ, àwọn ológbò ìlú sì ń wá sùn lé e lórí.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ni Ọ̀rọ̀-ò-tán, tó ń sọ̀rọ̀ bó ti ń bọ̀, tó sì ń sọ̀rọ̀ bó ti ń jókòó. "Má gan bẹ́ẹ̀, ẹní kì í gan. Fi ọwọ́ lélẹ̀. Rárá, má fún mi! Ṣé ẹ̀wù ni mí tí o fi ń fún omi lára mi?" Ọdẹ́yínká fi ọwọ́ pa á jẹ́jẹ́, ẹnu sì yà á. Ara Ọ̀rọ̀-ò-tán gùn gbọọrọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le bí okùn tí a lọ́ dáadáa. Irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara, ó ń yọ̀ bí aṣọ ṣẹ́dà. Orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, etí rẹ̀ sì tóbi ju ohun tí orí bẹ́ẹ̀ yẹ kó rù lọ. Ó ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀ kọjá bí omi.

"Èmi rò pé gbogbo yín bákan náà ni," ni ọdẹ wí.

"Ṣé bákan náà ni ìwọ àti aládùúgbò rẹ?"

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gbẹ̀dẹ̀múkẹ́ dé. Ọwọ́ ọdẹ rì sínú irun rẹ̀ bí ìgbà tí a bá kiwọ́ bọ àpò òwú. Ó ń rì, ó ń rì, kò kan ara. Nígbà tó wá kan ara nísàlẹ̀, ara náà kò ju ti adìẹ tí òjò pa lọ. Ọdẹ́yínká fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí èékánná, ó gbé e mì. Ó rántí àwọn ọkùnrin kan tí ó jẹ́ pé agbádá ni wọ́n, tí kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀.

Odó ni ẹ̀kẹta. Ó kúrú, ó dì pọ̀ bí ẹ̀kọ inú ewé, àyà rẹ̀ gbòòrò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Bó ti jókòó sórí ikùn ọdẹ, èémí ọdẹ jáde láì tọrọ ààyè. Òmíràn wà tí irun rẹ̀ ká bí orí ọmọ tí kò fẹ́ rí òòyà. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí a bá gbé e, yóò tú sílẹ̀ lápá èèyàn bí iyán, orí níhìn-ín, ìrù lọ́hùn-ún, àfi bí ẹni pé kò ní eegun. Òmíràn sì gan, tó jẹ́ pé nínú oorun pàápàá, iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ń retí ogun.

Ṣùgbọ́n èyí tó mú ọdẹ wárìrì ni Aláìláṣọ. Kò ní irun kankan. Awọ lásán ni, ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe, ó hunjọ ní ọrùn, ó sì rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ọdẹ́yínká kọ́kọ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Òtútù ń mú mi," ni Aláìláṣọ wí. Kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọdẹ náà dá ọwọ́ padà, ó bò ó mọ́lẹ̀. Lábẹ́ awọ yẹn ló ti kọ́kọ́ gbọ́ bí ọkàn ẹran alààyè ti ń lù, kíákíá, kíákíá, láì fura sí ẹnikẹ́ni. Ọdẹ tó ti pa ẹfọ̀n, omi bọ́ lójú rẹ̀ nínú kùrukùru. Ó dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí i. Ó kọ orin ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀fun àwọn ológbò sì ń kùn tẹ̀lé orin náà, tó jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ìgbà tí ọ̀kadà bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

"Ọwọ́ rẹ ti jí," ni Yèyé Músù wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Yàn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ológbò lé e lápá, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Nísinsìnyí ni oríkì tó ti ń fi ṣẹ̀rín padà wá sí i létí, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì ní ìtumọ̀. Èyí fúyẹ́ jù. Ti ìkejì, ìrù rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Òmíràn dé tí irun rẹ̀ nípọn níwọ̀nba, tó rọ̀ bí èyí tí èèyàn máa retí lára ológbò ilé àgbàlagbà. Ọdẹ́yínká fẹ́ kígbe pé òun nìyí. Ṣùgbọ́n ó rántí bàbá arúgbó inú Ìwé Mímọ́, tí ojú rẹ̀ ti ṣú, tí ọmọ rẹ̀ fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́ tàn jẹ. Bàbá yẹn fọwọ́ kan irun, ó sì dúró sórí irun. Ọdẹ́yínká tẹ ìka rẹ̀ wọlé síi, ó wá eegun lọ. Èjìká tó bá níbẹ̀ fẹ̀ bí ìdí odó. Ó dá a padà.

Níkẹyìn wọ́n gbé méjì lé e lápá lẹ́ẹ̀kan náà. Eegun èjìká àwọn méjèèjì dà bí ọwọ́ ṣíbí nínú àpò. Ikùn àwọn méjèèjì rọ̀. Àwọn méjèèjì wúwo ju bí wọ́n ti yẹ lọ, ìrù àwọn méjèèjì sì tẹ̀ ní ṣóńṣó.

"Ọmọ ìyá ni wọ́n," ni Yèyé Músù wí. "Ọ̀kan ni tìrẹ. Wọn kò ní sọ̀rọ̀."

Òógùn bo ọdẹ. Oríkì ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó rántí ohùn tó gbọ́ lẹ́yìn nígbà tó ń jáde nílé: "Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni n kò tíì sọ." Kí ni ìbá jẹ́? Ó gbàdúrà kúkúrú, irú èyí tí kì í ní àmín. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni ìyá náà máa ń ṣe sí ohun tó bá gbé sí ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀?" Kò sì nílò ẹni tí yóò dá a lóhùn, torí òun náà ti jókòó níbẹ̀ rí. Nígbà tí ìyá tó bí i kú, tó ń ké tí kò dákẹ́, ìgbọ̀nwọ́ yẹn ni wọ́n gbé e sí, àtàǹpàkò Ìyá Àwẹ̀ró sì ń pa ẹ̀yìn etí rẹ̀ òsì, sókè sódò, sókè sódò, títí oorun fi gbé e lọ. Arúgbó ni òun náà ti ń dà, síbẹ̀, lóru tí kò bá rí oorun sùn, ibẹ̀ yẹn ni ọwọ́ ara rẹ̀ ń lọ.

Ó fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn etí òsì ológbò àkọ́kọ́. Irun ibẹ̀ nípọn. Ó kan ti ìkejì. Irun ibẹ̀ ti jẹ, ó kúrú, ó dán bí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ìloro ilé láti ọdún mọ́dún, ó sì gba àtàǹpàkò kan géérégé.

"Ti ilé wa nìyí," ni Ọdẹ́yínká wí.

"Ta ló kọ́ ọ ní ibẹ̀ yẹn?"

"Ẹni tó tọ́ àwa méjèèjì ni."

 Kùrukùru là, ọdẹ sì bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi tayọ̀tayọ̀ wo ohun tó wà lápá rẹ̀.  Ológbò tó gbé kò dúdú, ó pọ́n bí obì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sì ní funfun kankan.

Ó yí padà láti sáré wọlé, ọ̀nà ti dí. Àfọwọ́ríran nìkan ló dúró níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. "Ojú rẹ ti dé," ló wí. "Kí ló mú bọ̀ wá fún ọ?"

"Ó ní mo ṣì í yàn."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

Ọdẹ́yínká yí ẹsẹ̀ sí ọ̀nà ilé. Gbogbo ọ̀nà ni ojú rẹ̀ fi ń bá ọwọ́ rẹ̀ jà. Bó bá wo ológbò náà, ẹ̀rù a bà á. Bó bá di ojú tó fọwọ́ pa á, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Ó wá di ojú rìn níbi tó ti ṣeé ṣe, ó sì ṣubú sínú kòtò kan.

Ìyá Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kò gbé orí.  Ọdẹ́yínká gbé ológbò náà sí ìgbọ̀nwọ́ òsì ìyá náà, ó sì pa ojú dé bí ẹni tó ń retí ìdájọ́.

 Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ̀fun tó ń kùn.

"Ẹ̀rọ̀pẹ̀sẹ̀," ni ìyá náà wí, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lẹ́yìn etí. "Àdìgún, bu ẹ̀kọ wá fún mi."

Ó bu ú wá. "Ìyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò funfun mọ́."

"Ta ló sọ pé ó funfun rí?"

Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ológbò náà fò sílẹ̀, ó rìn gba ìdí ààrò kọjá, ibi tó ti máa ń yá iná, ó tẹ eérú mọ́lẹ̀, ó gbọn ara, ó sì rìn padà wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin tó funfun báláú.

Lánlẹ́hìn lu itan nígbà tó gbọ́ èyí. "Èéfín ààrò ló sọ ọ́ di dúdú nìyẹn, kùrukùru ìlú yẹn sì wẹ̀ ẹ́ nù! Ọdẹ, eérú lo gbé ìbọn wá kiri!"

"Òun náà ni," ni Ọdẹ́yínká wí.

"Apá rẹ ńkọ́? Ó gọ́ lóòótọ́?"

Ọdẹ náà wo ìbọn rẹ̀ tó dípẹtà. "Ó gọ́ díẹ̀," ló wí. "Bí o bá ti gbọ́ bí ọkàn wọn ti ń lù lábẹ́ ìka rẹ, wàá máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì." Ó wá sọ èyí tó kù fún wa, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó ní nígbà tí ìyá náà jẹ ẹ̀kọ tán, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́. "Súnmọ́ mi, Àdìgún. Èyí tí n kò tíì sọ nígbà tí o sá jáde..."

"Mo ti mọ̀ ọ́n, Ìyá."

"Bẹ́ẹ̀ ni?" Ọwọ́ náà rí orí rẹ̀, ó rí ewú, ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìrìn-àjò ti mú jin. "O ti rù, ọmọ mi," ló wí. Àtàǹpàkò rẹ̀ sì lọ sí ẹ̀yìn etí òsì, sókè sódò, sókè sódò. Àgbà ọdẹ tẹ orí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ológbò, ó sì sùn.

Ìyàwó pásítọ̀ ló kọ́kọ́ dìde lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní òun ń lọ sílé ẹni tó ní ọmọ ológbò, òun kò sì ní wo àwọ̀ kankan, òun á kàn na apá sílẹ̀ ni.

Ìwọ tó ka ìtàn yìí dé òpin, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ sùn títí ìgbà tí ohun tí ò ń fọwọ́ pa yóò fi tutù. Bí ojú rẹ bá parọ́ fún ọ, kí Ó fi òtítọ́ sí ìka rẹ. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá sọnù sínú kùrukùru tí gbogbo wa dà bákan náà, kí ẹnìkan wá ọ dé ibẹ̀, kó sì mọ ibi tí ìfẹ́ ti fọwọ́ pa ọ́ jẹ. Àmín.